Ìfọwọ́sí Kì í Ṣe Ìwúre: Òbí àti Ọmọ tí ó Fẹ́ Wọṣẹ́ Ológun nínú Iṣẹ́ Isaac Fadoyebo àti Rudyard Kipling

Ìfáàrà

Obìnrin kan ní àdúgbò wa mú ìwé kan wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni ó gba ìwé náà láti fi wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun. Ojú ewé kan wà nínú rẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún òbí tàbí alágbàtọ́, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tí ìyá náà ń fẹ́ lọ́wọ́ mi kò ju pé kí n sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún òun ní Yorùbá lọ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, kí ni wọ́n ní kí n ṣe gan-an? Ṣé wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó lọ ni, àbí wọ́n ní kí n fún àwọn lọ́mọ?”

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ògbufọ̀, síbẹ̀ n kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní fún ibi tí òfin ti rí ẹyọ kan ṣoṣo, àti pé bí a bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ka àwọn ìwé tí ó dá lórí ọmọdé tí ó lọ sógun, a ó rí ohun kan tí lámèyítọ́ tí ó tẹjú mọ́ ojú ogun nìkan kò ní rí. Ìtàn ogun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bárékè. Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá ọmọ ni àwa fẹ́ dúró sí.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé bi wá pé kí ni ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ń wá nínú abala Yorùbá. Ọmọ Yorùbá ni ó kọ èyí tí a ó gbájú mọ́ jù, ilẹ̀ Yorùbá ni ìtàn náà sì ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti lé kenkà. Ní ti Kipling, a mú un wá nítorí pé òun ni òbí tí ó fọwọ́ sí i, tí ó sì jẹ́ òǹkọ̀wé. Irú wọn kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta

Ìfọwọ́sí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé ni ó mú un wá sáàárín wa, ẹni tí kò mọ̀wé a sì tẹ ìka. Ènìyàn lè fọwọ́ sí ohun tí kò tọkàn rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè fọwọ́ sí ohun tí kò yé e.

Ìyọ̀ǹda jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni ni à ń yọ̀ǹda. Ẹni tí ó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ ti pàdánù nǹkan, kì í sì í ṣe ahọ́n lásán ni ó fi ṣe é. Nítorí náà ni a fi máa ń sọ pé ẹnì kan yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ Olúwa, tí a kì í sì í sọ pé ó fọwọ́ sí ara rẹ̀. Ìyá tí ó bi mí léèrè bóyá wọ́n ní kí òun fún àwọn lọ́mọ ti rí ìtumọ̀ yìí kí n tó rí i.

Ìwúre ni ẹ̀kẹta, òun ni òfin kò mọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ni. Bàbá tí ó bá ọmọ jà di òru pé kò gbọdọ̀ lọ, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí ó bá rí i pé ẹrù ti délẹ̀, yóò gbọ́wọ́ lé e lórí, yóò ní kí orí rẹ̀ sìn ín lọ, kí ó sì sìn ín bọ̀. Kò yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ó wúre. Ẹlòmíràn yóò fọwọ́ síwèé, kò sì ní lè wúre nítorí pé ẹkún ti dí i lọ́fun.

Ìlànà kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi lọ́lẹ̀ ní ọdún 2000 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé àti ogun sọ pé ẹni tí kò bá tí ì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ wọṣẹ́ ológun láìjẹ́ pé ó tinú rẹ̀ wá, kí òbí sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè wọ̀ ọ́ bí òbí bá fọwọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn ìyá àti bàbá Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè rí irú ìwé yìí lórí tábìlì oúnjẹ wọn. Ìfọwọ́sí ni gbogbo òfin wọ̀nyí lè kà. Ìwé ìtàn nìkan ni ó lè ka méjì yòókù.

Fadoyebo: Ọmọ tí kò Béèrè

Ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ ni Isaac Fadoyebo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1942, nígbà tí ogun Hitler gbóná, ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Ó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81 dé Bọ́mà, orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Myanmar báyìí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì yọ sí wọn létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ Fadoyebo lẹ́sẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ó kù nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù kejìlá ọdún náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba agbègbè náà. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó dàgbà, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1999 pẹ̀lú àkọlé A Stroke of Unbelievable Luck. Ọdún 2012 ni ó kú.

Òǹkọ̀wé náà kò fi ọ̀rọ̀ gùn nípa bí ó ṣe wọṣẹ́. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò fi lọ àwọn òbí òun, àti pé òun kò ka ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò kọjá ibẹ̀ kíákíá kí wọ́n lè dé inú igbó. Èmi náà kọjá rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ohùn ta ni à ń gbọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó sáré lọ wọṣẹ́ kò mọ̀ pé òun kò ro àtubọ̀tán. Lójú ara rẹ̀, ó gbọ́n, ó sì gbójú. Ẹni tí ń sọ pé ọmọ kan kò ro àtubọ̀tán, òbí ni. Àgbàlagbà tí ó ti di bàbá fúnra rẹ̀ ni ó di kálàmù mú, ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ rí àyè sọ ní 1942 ni ó sì wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn yìí kò pariwo, bóyá òǹkọ̀wé náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun lò ó. Síbẹ̀, òun ni ó fún àwọn gbólóhùn náà ní ìwúwo.

Ìkejì ni àkọlé ìwé náà. Bí a bá fẹ́ tú u sí Yorùbá, kí ni a ó pe ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn níbẹ̀? Mo fi í ṣe iṣẹ́ kíláàsì nígbà kan. Àwọn kan pè é ní èèṣì, àwọn mìíràn ní àkọsẹ̀bá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sọ pé oríire ni, tèmi náà sì ni ìyẹn. Èèṣì kò ní olówó, ó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni. Oríire ní olówó. Orí ẹnì kan ni ó ṣe é, orí náà kì í sì í ṣe ohun tí a dákẹ́ fún: à ń bọ ọ́, à ń kì í, àwọn òbí ẹni a sì máa bá wa bẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá padà wọ Yorùbá, àwọn òbí tí kò sí níbi tí ọmọ ti wọṣẹ́ ti wọlé dé. Wọn kò yọ̀ǹda, a kò sì bi wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa pé bàbá àti ìyá tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ wọn ti bá ogun lọ yóò fi ẹnu dí, tí wọn kò ní wúre lẹ́yìn rẹ̀.

A lè takò mí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà fi kọ̀wé, àti pé ọ̀mọ̀wé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe babaláwo. Mo gbà. N kò sọ pé ó ní ìgbàgbọ́ nínú orí gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ní in. Ohun tí mo ń sọ ni pé àkọlé rẹ̀ ń béèrè fún ìtúmọ̀, ẹni tí ó bá sì tú u sí èèṣì ti gé ìwé náà kúrò lára Èmùré-Ilé.

Ẹ̀kẹta ni Shuyiman, níbẹ̀ sì ni ìwé náà ti dùn jù. Òbí tí ọmọ náà kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ nílé, ó bá a pàdé nínú igbó. Àjèjì tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ni ó ń wá a ní oúnjẹ, tí ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Shuyiman náà ní ìdílé. Bí àwọn ará Jàpáànì bá bá sójà méjì lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ikú kò ní mọ sórí òun nìkan. Òun gan-an ni òbí tí a gbé ìpinnu lé lọ́wọ́ nínú ìtàn yìí, kò sì sí ìwé tí yóò fọwọ́ sí. Nígbà tí Barnaby Phillips, akọ̀ròyìn tí ó kọ Another Man's War ní ọdún 2014, wá ìdílé Shuyiman kàn, lẹ́tà ìdúpẹ́ Fadoyebo ni ó mú dání. Ọkùnrin náà ti kú nígbà náà. Lẹ́tà tí arúgbó ọmọ Yorùbá kọ sí ilé àgbẹ̀ kan ní Bọ́mà jọ lẹ́tà tí ọmọ máa ń kọ sí òbí lójú mi, mo sì rò pé a kò gbọdọ̀ kà á yàtọ̀ sí ìwé náà.

Àwọn Ìwé Mìíràn ní Ṣókí

Biyi Bandele, tí bàbá tirẹ̀ jagun Bọ́mà, kọ Burma Boy ní ọdún 2007. Ali Banana, ẹ̀dá-ìtàn tí ó ṣe kókó níbẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ìwé náà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn sójà dunjú. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun ni ó di òbí fún ọmọ náà. Àwọn tí ó bí i kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo láti sọ. Mo gbóríyìn fún ìwé náà, mo sì ka èyí sí àléébù rẹ̀.

Nínú Sozaboy tí Ken Saro-Wiwa kọ ní ọdún 1985, ìyá Mene kò fẹ́ kí ó lọ. Zaza, tí ó ti Bọ́mà dé, ń fọ́nnu. Agnes, ìyàwó àfẹ́sọ́nà, ń fẹ́ ọkùnrin tí ó lè gbèjà òun. Ohùn ìyá kéré láàárín méjèèjì. Ní ìgbẹ̀yìn, bọ́ǹbù pa ìyá náà àti Agnes nígbà tí ọmọ ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò yọ̀ǹda ni ogun mú lọ.

Kipling: Bàbá tí ó Fọwọ́ Sí I

Ìtàn Rudyard Kipling yí ojú ọ̀rọ̀ padà pátápátá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí John, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí, kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ojú ọmọ náà kò ríran jìnnà, wọ́n sì kọ̀ ọ́ nítorí rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá dákẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Bàbá kò dákẹ́. Ó tọ ọ̀gágun àgbà Lord Roberts, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ, wọ́n sì fún John ní oyè ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ Irish Guards. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1915 tí ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó kọjá sí ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú ìyọ̀ǹda bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, nínú ogun Loos, a kò rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni. Àwọn òbí rẹ̀ wá a kiri ilé ìwòsàn, wọ́n bi àwọn tí ó bá a jagun léèrè, títí Kipling sì fi kú ní ọdún 1936 kò mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1992, àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun kéde pé àwọn ti mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan jiyàn lé e lórí.

Òǹkàwé máa ń tètè sáré sí My Boy Jack, ewì tí ó jáde ní ọdún 1916, pé ibẹ̀ ni bàbá ti ń sunkún ọmọ. Ìtàn àwọn atukọ̀ ogun ojú omi ni a tẹ̀ ẹ́ mọ́, ọmọ tí ó wà níbẹ̀ sì jọ atukọ̀ ju sójà orí ilẹ̀ lọ. Kí a má sọ pé ìbànújẹ́ bàbá kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má sì sọ ewì di ìwé-ẹ̀rí.

Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni ìlà méjì tí ó pè ní Common Form nínú Epitaphs of the War, ọdún 1919. Níbẹ̀, àwọn òkú sójà ń dáhùn ìbéèrè pé kí ni ó fà á tí àwọn fi kú, wọ́n sì ní irọ́ tí àwọn bàbá àwọn pa ni. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ kà á bí ìjẹ́wọ́: pé Kipling ń dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ lórí ojú tí kò ríran. Àwọn mìíràn ní àwọn olóṣèlú tí kò gbáradì fún ogun ni ó ń bú, nítorí pé òun ti ń kìlọ̀ tipẹ́. Ìhà kejì yìí ni ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mìíràn gbè. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọlé náà. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń kọ bákan náà, irú èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ti tò sílẹ̀, tí kò kù ju kí a fi orúkọ sí i lọ. Ẹni tí ó ti lo ọwọ́ rẹ̀ sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó yan àkọlé yìí fún ibojì. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóṣèlú ni ó ń bú, n kò rí bí ó ṣe lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn bàbá náà.

Ó tún kọ ìtàn ẹgbẹ́ ogun tí ọmọ rẹ̀ wà, ìdìpọ̀ méjì, tí ó jáde ní ọdún 1923. Níbi tí ó kan John, ó dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn yòókù, ó sì kọjá. Kò sí oríkì, kò sí ìdárò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ; Kipling kò rí ọmọ tí yóò sin ín, kò sì rí òkú ọmọ sin. Nínú The Gardener, ìtàn kúkúrú tí ó jáde ní ọdún 1925, ó ṣe fún ẹlòmíràn ohun tí a kò ṣe fún òun. Obìnrin kan tí ó ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n fún gbogbo ayé dé ibojì àwọn ọmọ ogun, ọkùnrin kan tí ó rò pé olùtọ́jú ọgbà ni sì sọ fún un pé kí ó wá wo ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “ọmọ,” ni ó tú àṣírí náà, tí ó sì tu obìnrin náà nínú. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí lẹ́yìn ikú John, ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ ohun tí ó jọ ìwúre. Ó pẹ́ dé, a kò sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ.

Ọwọ́ Ta Ni?

Àwọn kan yóò sọ pé àwa Yorùbá náà ní bàbá tí ó rán ọmọ lọ sógun. Òótọ́ ni. Nínú Kurunmi, eré-oníṣe Ọlá Rótìmí tí a tẹ̀ ní ọdún 1971, olórí Ìjàyè pàdánù ọmọ márùn-ún. Ṣùgbọ́n a kò bi Kúrunmí pé ṣé ó yọ̀ǹda. Òun ni ó pe ogun. Ọmọ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọdé. Ibi tí ó bá Kipling mu ni pé orúkọ bàbá ni ọmọ fi dé ojú ogun.

Ohun tí ó yàtọ̀ jù láàárín ìwé tí ìyá yẹn mú wá àti àṣà wa ni iye ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ìlà kan ni wọ́n fà, fún ọwọ́ kan. Àwọn àgbà sì ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Láti ọdún 2009 tí ogun Bòkó Hàrámù ti bẹ̀rẹ̀ ní Bọ̀rnó, kò sí òbí tí ó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tí kò ní ronú kan ibẹ̀, yálà ó sọ ọ́ jáde tàbí kò sọ ọ́. Ìyá náà sọ ọ́. Ó ní, “Bí mo bá fọwọ́ sí i tí nǹkan bá ṣe é, ọwọ́ mi náà ni mo máa wò. Bí n kò bá sì fọwọ́ sí i, tí kò ríṣẹ́ ṣe, ọwọ́ mi yìí kan náà ni òun máa wò.”

Mo tú ojú ewé náà fún un. Ìyọ̀ǹda ni mo lò, mo sì ṣàlàyé pé ìfọwọ́sí nìkan ni àwọn tí ó kọ ọ́ lè rí. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbì kan fún àdúrà. Mo ní wọn kò fi sílẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ gèlè tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun yóò kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá ọmọ, nítorí pé àbúrò bàbá rẹ̀ kan ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ẹsẹ̀ kan ni ó sì gbé bọ̀.